Bí A Ṣe Ń Kó Owó Bébà Káríbíánì Jọ, Láti Ìgbà Tí Wọ́n Ti Gba Òmìnira

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kó gbogbo owó bébà tí àwọn erékùṣù Káríbíánì ti tẹ̀ jọ, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni yóò ná tán, kò sì ní í kó o parí. Ohun tó dára ni ká mú ìbéèrè kan ṣoṣo dání, ká sì máa wá owó tó dáhùn rẹ̀. Tèmi rèé: àwòrán ta ló wà lórí owó, ìgbà wo ni wọ́n sì yọ ọ́?

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1962 ni Jàmáíkà gba òmìnira. Síbẹ̀, owó pọ́n-ùn tí wọ́n ń ná lọ́jà, Ọbabìnrin Elizabeth ló ṣì wà lára rẹ̀. Ó di ọdún keje kí wọ́n tó fi tiwọn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú orílẹ̀-èdè kan

Jàmáíkà ni mo máa ń ní kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, dọ́là rọ́pò pọ́n-ùn, dọ́là méjì fún pọ́n-ùn kan. Àwọn márùn-ún tó bọ́ sórí owó dọ́là náà ni ẹ óò wá: Marcus Garvey lórí àádọ́ta sẹ́ǹtì, Alexander Bustamante lórí dọ́là kan, Paul Bogle lórí dọ́là méjì, Norman Manley lórí dọ́là márùn-ún, àti George William Gordon lórí dọ́là mẹ́wàá. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Bogle. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì so òun àti Gordon kọ́ ní ọdún 1865 nítorí rògbòdìyàn Morant Bay. Ẹni tí wọ́n so rọ̀ bí ọ̀daràn wá di ẹni tí àwọn ìyá ọlọ́jà Kingston ń ká sápò.

Ẹ kó márùn-ún yìí pé ná kí ẹ tó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn wọn ni ẹ lè wá dọ́là ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti ọdún 1994 tí Nanny, olórí àwọn Maroon (àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko ẹrú), wà lórí rẹ̀. Ẹ tún lè wá owó onírọ́bà ti ọdún 2023, tí Michael Manley àti Edward Seaga, àwọn tí wọn kì í rẹ́ nínú òṣèlú, jọ jókòó sórí ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là. (Abúlé kan wà ní Westmoreland ní Jàmáíkà yìí kan náà tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Ìyẹn nìkan ti tó fún èmi láti fẹ́ràn owó wọn.)

Ẹ má gba ọdún tó wà lórí owó gbọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò, èmi náà sì jìn sí i. Ẹnìkan ta dọ́là kan fún mi rí, ó ní ti ọdún 1960 ni, nítorí pé 1960 ló wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Mo sanwó ju bó ti yẹ lọ. Ọdún òfin tó dá báńkì àpapọ̀ Jàmáíkà sílẹ̀ ni 1960 yẹn, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ owó náà. Dọ́là kò tilẹ̀ tíì sí ní Jàmáíkà nígbà náà. Bákan náà ni ti Trinidad àti Tobago: òfin ọdún 1964 ni wọ́n kọ sára owó tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí owó? Ẹ wo ìbuwọ́lùwé gómìnà báńkì. Bí ẹ bá rí G. Arthur Brown lára ti Jàmáíkà, gómìnà ìgbà tí dọ́là bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà Pick rẹ̀ nínú ìwé atọ́ka owó, èyí tí àwọn olùkójọ owó fi ń mọ owó kan yàtọ̀ sí òmíràn káàkiri ayé. P-53 ni àádọ́ta sẹ́ǹtì Garvey. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà yẹn bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀, kò ní í lè yí yín po.

Ẹ gbé e sójú iná

Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Nínú bébà owó Jàmáíkà ayé àtijọ́, òjìji ọ̀pẹ̀yìnbó ló máa ń hàn. Nínú ti Trinidad, ẹyẹ ni. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá yẹ ìdúró rẹ̀ wò. Owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná rí ni wọ́n ń kọ UNC sí. VF ti rìn díẹ̀, ó ti ká níbi bíi mélòó kan. F àti VG ti jìyà lọ́jà. Fún ìbẹ̀rẹ̀, VF tó mọ́ dára púpọ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ owó kan rí kí ó lè nà dáadáa. Ó nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yíǹkì tó ga díẹ̀ lábẹ́ ìka ti tẹ́ pátápátá, ẹni tó mọ̀ ọ́n wò sì máa ń rí i kíákíá.

Ẹ ṣọ́ra fún owó tí a kò tẹ̀ fún ọjà. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, Jàmáíkà ta owó tí wọ́n kọ SPECIMEN (àpẹẹrẹ) sí lára fún àwọn olùkójọ, àmì àgbélébùú Málítà ló ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ra búrẹ́dì rí.

Bí ẹ bá fẹ́ eré púpọ̀ lówó díẹ̀

Ẹ yíjú sí dọ́là Ìlà-Oòrùn Káríbíánì. Báńkì kan tó wà ní Basseterre, ní St Kitts, ló ń tẹ̀ ẹ́ fún ìlú mẹ́jọ. Lórí àwọn bébà rẹ̀ àtijọ́, lẹ́tà kan máa ń fi ìlú tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún hàn: A fún Antigua, D fún Dominica, G fún Grenada, K fún St Kitts, L fún St Lucia, M fún Montserrat, V fún St Vincent, U fún Anguilla. Ẹ wá dọ́là márùn-ún kan náà pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Dominica ti D yẹn di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba ní ọdún 1978, síbẹ̀ Ọbabìnrin ló ń wo àwọn ará ibẹ̀ láti inú àpò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ní ti títọ́jú, kò gùn: ẹ yẹra fún àpò PVC, ó máa ń ba bébà jẹ́, polyester ni kí ẹ rà. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù tàbí píìnì kàn án. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti ọ̀rinrin, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rà á sínú ìwé kan.

Èyí tí màá wá báyìí ni dọ́là kan pupa ti Trinidad. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ti Columbus wà nínú àmì orílẹ̀-èdè tó wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2025 ni ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ àwọn ọkọ̀ náà kúrò, kí wọ́n fi ìlù steelpan sí ipò wọn. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹ ó fi rí èyí tí kò tíì ká báyìí, nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.