Ẹ wo inú láptọ́ọ̀pù yín kí ẹ tó sanwó fún Windows 11

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi ní Computer Village, Ìkẹjà, pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní tèmi ti kú, ẹ bá mi gbé e sí Windows 11." Kò kú o. Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe oṣooṣù tó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ni kò wá mọ́. Ewu nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ìkánjú kọ́ la fi ń lé e.

Àṣìṣe kìíní: ẹ̀ ń sanwó fún ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí Windows 10 yín bá jẹ́ ojúlówó, tí ẹ̀rọ náà sì kúnjú òṣùwọ̀n, inú Settings ni Windows 11 wà, ní Windows Update. Dátà nìkan lẹ máa ná.

Àṣìṣe kejì: ẹ kì í wo ìran ẹ̀rọ, ìyẹn 'gen' tí wọ́n ń pè. Microsoft ní kí RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) tó 4GB, kí ààyè ìkó-fáìlì tó 64GB, kí TPM (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ) jẹ́ 2.0, bó bá jẹ́ pé Intel ló ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, 8th gen (ìran kẹjọ) sókè ni. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5. 8250U, tí 8 ṣíwájú, kúnjú òṣùwọ̀n; 6300U, tí 6 ṣíwájú, kò kún un. Tòkunbọ̀ 6th gen ṣì pọ̀ lọ́jà, ẹni tó ń tà á kò sì ní là yín lóye. PC Health Check, áàpù tó ń yẹ ẹ̀rọ wò, wà lọ́dọ̀ Microsoft, ọ̀fẹ́ ni, á sọ òótọ́ fún yín.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù lọ: hard disk. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé 6th gen wá bá mi. Ó ti san ₦35,000 níbòmíràn kí wọ́n fi ọgbọ́n fo àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fipá gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tó ní RAM 4GB àti hard disk àtijọ́. Kó tó tàn tán, ìṣẹ́jú méje. Bàbá rò pé fáírọ́ọ̀sì ni. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ láti wo ohun tó ń ni ẹ̀rọ lára, Disk dúró gbọingbọin sí 100%. Àwo ló ń yí nínú hard disk, abẹ́rẹ́ á máa sáré kiri orí rẹ̀ wá fáìlì. Windows tòní kò ní sùúrù fún irú ìyẹn. SSD, ibi ìkó-fáìlì tó ń rọ́pò hard disk, kò ní ohunkóhun tó ń yí. Owó tí bàbá san yẹn ì bá ti di SSD! Mo fi SSD 256GB àti RAM 8GB sí i, mo dá a padà sí Windows 10, a sì fi orúkọ rẹ̀ sí ètò ESU, ìtọ́jú àfikún tí Microsoft ṣe fún Windows 10, tó gbé ìtọ́jú dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ó ń tàn kíá báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ráhùn pé Windows ń falẹ̀, ẹ bi ara yín ná: kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ nígbà tí bátìrì kò dára tí NEPA sì lè múná lọ.

Ẹ má lọ tan TPM nínú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn) láì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ BitLocker, tó ń ti fáìlì yín pa, wà. Nọ́ńbà 48 ni yóò béèrè.

Ẹni tó ti gbé e tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọjọ́ 10 péré ló ní láti padà sí Windows 10.

Ọ̀rọ̀ fáìlì, èmi náà ti jẹ̀bi rí. Ní 2022, mo pa ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́ láì béèrè bóyá ó ní ẹ̀dà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ níbòmíràn. Kò ní. Ó sunkún nínú sọ́ọ̀bù mi títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì rí ohun tí mo lè sọ. Látọjọ́ náà, ojú oníbàárà ni mo ti ń kó fáìlì rẹ̀ sórí hard disk míì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo ti bá bàbá yẹn sọ ọ́: kí ọjọ́ ESU tó pé, a ó jọ wá tòkunbọ̀ 8th gen tó ní ibi tí wọ́n ń ki hard disk sí, ká tú SSD rẹ̀ sínú ìyẹn.