Ìwé Ann Yearsley Tí Mo Rà: Ẹjọ́ Ẹnìkan Ni Wọ́n Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Owó tí mo ná lórí ìwé kan ṣoṣo yìí ṣì ń dùn mí. Iye tí wọ́n ń ta ìwé fúnra rẹ̀ kò ga. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Peckham, ní London, ni mo ní kí ó gbé e lọ. Àbúrò mi kó o mọ́ ẹrù kágò, oníkágò gba tirẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé e wá sílé gba tirẹ̀. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó ọ̀nà ti ju owó ìwé lọ fíìfíì. Mo wá ṣí ìwé, ojú ewé tí mo torí rẹ̀ rà á kò sí níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń kàwé pọ̀ ní Bódìjà ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn obìnrin tó fi gègé wá oúnjẹ òòjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1700 sí 1800. Mo pinnu pé ọ̀rọ̀ owó ni màá sọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń fò. Frances Burney gba gíníì 20, ìyẹn pọ́n-ùn 21, lọ́wọ́ Thomas Lowndes tó gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Evelina, jáde ní 1778. Bàbá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ pé òun ló kọ ọ́ nígbà tí ìwé jáde. Elizabeth Carter túmọ̀ iṣẹ́ Epictetus, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ tó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì, ní 1758, ó ní kí àwọn tó fẹ́ ẹ sanwó sílẹ̀, ó sì rí tó pọ́n-ùn 1000 níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kò lọ́kọ nígbà náà. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni pé owó tí abilékọ bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pa, ti ọkọ rẹ̀ ni. Mo wá nílò abilékọ tó jà fún owó ìwé rẹ̀, tó sì kọ ìjà náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá sí mi lọ́kàn ju Ann Yearsley lọ.

Bristol ló ń gbé, wàrà ló ń kiri láti ilé dé ilé, ọkọ wà, ọmọ wà. Ní ìgbà òtútù tó mú 1783 wọ 1784, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ilé náà run, ìyá rẹ̀ kò sì là á já. Ó máa ń kó àjẹkù ilé ìdáná Hannah More lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Alásè ilé náà ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìyá oníwàrà yìí ń kọ ewì. Hannah More ti lórúkọ nídìí ìwé kíkọ nígbà náà. Ó tún àwọn ewì náà tò, ó kọ lẹ́tà sí tilétoko, àwọn tó lé ní 1000 sì sanwó sílẹ̀. Thomas Cadell ní London gbé ìwé náà jáde ní 1785.

Owó tó wọlé lé ní pọ́n-ùn 300. Wọn kò fi lé Yearsley lọ́wọ́. Hannah More àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ olówó, Elizabeth Montagu, di olùtọ́jú owó, wọ́n fi í síbi tí yóò ti máa mú èlé wá, Yearsley àti ọkọ rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà. Ó dà bí ìgbà tí alájọ bá gba owó ẹni, tí ó wá ní òun ni yóò máa sọ ìgbà tó yẹ kí ẹni náà rí i ná. Inú ti ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi kọ́bọ̀ kan rajà.

Ibi tí gbogbo wàhálà mi ti wá nìyí. Orúkọ kan náà ló wà lára ìtẹ̀jáde ìwé náà ti 1785 àti ti 1786: Poems, on Several Occasions. Nínú ti àkọ́kọ́, lẹ́tà tí Hannah More kọ sí Montagu ló ṣíwájú ewì. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ sọ Yearsley di ẹni tó dá dúró, kí ó má baà fi ewì ṣe ọ̀lẹ, kí ó sì pa iṣẹ́ ilé rẹ̀ tì. Nígbà tí ìjà dé láàárín òun àti Hannah More lórí owó yìí, ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn tó ń gbé ìwé jáde, ìyẹn àwọn Robinson, ni Yearsley gbé ìtẹ̀jáde kẹrin lọ ní 1786. Inú ìyẹn ló ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ fún àwọn tó sanwó sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ti 1785 nìkan, ẹnu olówó ló gbọ́, kò gbọ́ ti ìyá oníwàrà. Àwọn àgbà sì ti wí i: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí n tó sanwó, mo bi ẹni tó ń ta ìwé náà bóyá ìtẹ̀jáde kẹrin ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé àtijọ́ kọ́ ló ń tà, fọ́tò ìwé àtijọ́ tí wọ́n tún tẹ̀ ni. Wọ́n fi òdòdó aláwọ̀ ewé ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò kọ ọdún kankan sí i. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, “Cadell” ló kọjú sí mi. Mo ti mọ̀. Síbẹ̀ mo ń ṣí i lọ, bóyá wọ́n fi èsì Yearsley sẹ́yìn. Lẹ́tà Hannah More, orúkọ àwọn tó sanwó sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn dúkù àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù níwájú, lẹ́yìn náà ewì títí dé òpin.

Mo kọ̀wé sí i. Ó fèsì pé ìwé kan náà ni. Mo ya fọ́tò ojú ewé ránṣẹ́, mo ṣàlàyé Cadell àti Robinson fún un. Ó tún ní àwọn ewì kan náà ló wà nínú méjèèjì, kí ló wá kù? Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Ẹni tó ń fi ìwé jẹun ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ara ìwé! Nígbà tí mo ní kí ó dá owó mi padà, ó ní kí n kọ́kọ́ dá ìwé padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí owó ara mi. Mo fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí màá sọ̀rọ̀ ti ń sún mọ́lé.

Mo yíjú sí àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn ilé ìkówèésí ti yà ní fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ Yearsley, mo tẹ trustees (ìyẹn olùtọ́jú owó), mo tẹ Bristol: àwọn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní kọ nípa rẹ̀ ló ń jáde, tirẹ̀ gan-an kò yọjú. Alẹ́ ni mo ń ṣe é, iná ń lọ, ó ń bọ̀, dátà ń jó. Ìgbà tí mo fi sùúrù wo ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ sábẹ́ fọ́tò ìwé mìíràn láti ọdún wọ̀nyẹn ni ojú mi là. Àwọn òǹtẹ̀wé ìgbà náà ní s gígùn kan tí wọ́n máa ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín ọ̀rọ̀, ó sì jọ f gan-an. F náà ni kọ̀ǹpútà ń pè é. Bristol ti di Briftol, trustees ti di truftees, obìnrin tí mo ń wá sì ti di Yearfley. Mo tẹ Yearfley. Ó jáde! Mo pariwo débi pé ọmọ mi sáré wọlé wá wò mí.

Mo ka èsì náà lóru ọjọ́ yẹn. Ohun tó ń béèrè kò ju kí orúkọ òun náà wà lára àwọn olùtọ́jú owó, kí wọ́n sì pín in dọ́gba fún àwọn ọmọ òun. Ó ní ìwé àdéhùn yẹn sọ òun di ìyá tí wọn kò kà yẹ láti tọ́jú ọmọ ara rẹ̀. Mo ní láti gbé e sílẹ̀ kí n tó lè kà á síwájú. Obìnrin tó ti kiri wàrà nínú yìnyín, ẹ̀rí pé òun jẹ́ ìyá ni wọ́n tún ń bi í.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò le: mo tẹ èsì náà sórí bébà, mo há a fún gbogbo ẹgbẹ́, a kà á pẹ̀lú lẹ́tà Hannah More. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ báńkì bi mí bóyá owó náà padà dé ọwọ́ rẹ̀. Ó dé ọwọ́ rẹ̀ níkẹyìn, nígbà tí àwọn olùtọ́jú fi í sílẹ̀. Ní 1793, ó ṣí ilé ìyáwèé tirẹ̀ ní Hotwells, lẹ́bàá Bristol níbẹ̀. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí mo bá tún máa ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tí olùtàwé bá fi ẹnu sọ kò ní tó mi mọ́. Fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́ ni màá gbà kí n tó sanwó, kí n rí orúkọ ẹni tó gbé ìwé jáde àti ọdún níbẹ̀. Kí ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa tí ó bá jẹ́ lẹ́tà Róòmù ni wọ́n fi kọ ọdún náà, nítorí MDCCLXXXV ni 1785, MDCCLXXXVI sì ni 1786. Igi kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ewì tí Yearsley kọ lórí ìwà ìkà òwò ẹrú ní 1788 ni mò ń kà báyìí. Èbúté tí ọkọ̀ ẹrú ti ń lọ sí etíkun wa ni Bristol nígbà náà, ó sì bá àwọn ará ìlú rẹ̀ wí lójú ara wọn. Hannah More náà gbé ewì tirẹ̀ lórí òwò ẹrú jáde lọ́dún kan náà. Mo ti tẹ méjèèjì sórí bébà, mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.