Bí a ṣe ń wá ológbò tó sọnù

Ẹ kọ́kọ́ tú inú ilé dáadáa: ẹ̀yìn fíríìjì, orí àjà, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n ṣí sítọ́ọ̀ wọn fún yín. Ẹ má kàn bi wọ́n bóyá wọ́n rí i, torí ẹni tó ti ológbò mọ́lé kì í mọ̀.

Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á kó ọmọ àdúgbò jọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n á máa pariwo "Músù! Músù!" kiri, ẹnì kan á tún máa ki igi bọ inú gọ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ológbò tí kò mọ ìta, bó bá já jáde, ẹ̀rù ló ń bà á. Kì í sábà jìnnà sílé. Á wá ihò kan, á ká jọ síbẹ̀, ó sì lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń bọ́ ọ kó má dún rárá. Ariwo yẹn gan-an ló máa lé e lọ. Akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá nìkan ló yàtọ̀, torí ó lè tẹ̀ lé abo dé àdúgbò mìíràn.

Ọjọ́ márùn-ún ni tèmi fi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí, ilé kejì sí tiwa. Ojoojúmọ́ ni mò ń pè é kọjá níbẹ̀. Lóru ọjọ́ karùn-ún ni ojú rẹ̀ méjèèjì tàn yòò láàárín àpò sìmẹ́ǹtì, eruku ti bo gbogbo irun imú rẹ̀.

Òru ni kẹ́ ẹ wá a, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ti kú tán, tàbí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ẹ sọ fún ọlọ́dẹ àdúgbò ṣáájú, kí wọ́n má baà pè yín lólè. Iná tí àwọn ọdẹ ń so mórí ni kẹ́ ẹ lò: ibi tí ojú yín bá yí sí ló ń tàn sí, ojú ológbò á sì dá a padà. Iná fóònù kì í ríran jìnnà. Ẹni méjì ti tó.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra sàdíìnì. Ẹ da omi gbígbóná sórí orí pánlá, òórùn á gbòde. Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tí ẹ ti wọ̀ tí ẹ ò tíì fọ̀.

Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp àdúgbò, àmọ́ ẹ fi àmì kan pa mọ́, kẹ́ ẹ lè fi dán ẹni tó bá ń béèrè owó ọkọ̀ wò. Bó bá jẹ́ dúdú, ẹ tètè kàn sí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àjẹ́ ni wọ́n á pè é, òkò ló sì máa kàn.

Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má fò mọ́ ọn. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ máa sún ẹja mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Àgò adìẹ ni mo máa ń fi gbé e. Páálí tẹ́ ẹ lu ihò sí náà á ṣe é. Bó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí dìgbòlugi.

Nílé, ẹ fi í sí yàrá kan ṣoṣo, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti fèrèsé.