Bí apá búláòsì ṣe wọ ihò rẹ̀ ní gbogbo sáìsì

Sáìsì 12 jókòó dáadáa, àmọ́ ní 16, ńṣe ni apá ń hunjọ lójú ihò rẹ̀. Ẹni tó gé pátánì náà (bébà tí a fi ń gé aṣọ) kàn ń fi íńṣì kún ẹ̀gbẹ́ ni. Kò fọwọ́ kan èjìká rárá. Íńṣì 2 ni àyà fi ń pọ̀ sí i láti sáìsì kan dé èkejì, ìdajì iwájú sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin àyà, nítorí náà ààbọ̀ íńṣì ló kàn án. Mo fi díẹ̀ níbẹ̀ sí èjìká, ìyókù lọ sí ẹ̀gbẹ́, mo fa abẹ́ apá wálẹ̀ díẹ̀. Mo wá gbé téèpù dúró lórí etí rẹ̀, mo fi wọn kọ́nà ihò náà yípo: orí apá, ìyẹn etí òkè rẹ̀ tí a ń rán mọ́ ihò, gbọ́dọ̀ fi bí íńṣì kan ju ihò náà lọ. Aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi rán 16 o, kì í ṣe áńkárá oníbàárà.