Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ìjẹníyà Ọrọ̀ Ajé Yóò Dá Ogun Dúró

Bí rédíò bá ti kéde pé wọ́n ti fìyà ọrọ̀ ajé jẹ orílẹ̀-èdè kan, pé wọn ò ní bá a ṣòwò mọ́, nítorí pé ó gbógun ti aládùúgbò rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọjà Wàńdó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ó tán fún wọn nìyẹn, ebi ni yóò lé àwọn ọmọ ogun wọn padà sílé. Àwọn yòókù á ní ariwo lásán ni, ta ló rí ìwé àṣẹ tó dá ọta ìbọn dúró rí. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bá oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, láti Ìgòlò títí dé Kraké, lẹ́nubodè àwa àti Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹnubodè tí wọ́n tì, ọ̀tọ̀ ni ẹrù tí kò kọjá. Nítorí náà n kì í bá wọn jiyàn. Àwọn ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ìròyìn náà, ẹ̀yin náà ẹ máa bi í.

Ọmọ ogun ti gbéra, àbí wọn kò tíì gbéra?

Ẹ wá ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí ogun wọlé àti ọjọ́ tí ìjẹníyà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Saddam Hussein, olórí Iraq, kó ogun wọ Kuwait ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1990. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 6, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìpinnu 661, tó ti ọjà ayé mọ́ Iraq. Turkey ti òpó epo tó gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, Saudi Arabia náà ti tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ epo rọ̀bì ni Iraq ń tà jẹun. Ìjẹníyà tó le tó bẹ́ẹ̀, tó sì yá tó bẹ́ẹ̀, kò wọ́pọ̀. Síbẹ̀ oṣù márùn-ún kọjá, Saddam ò jáde, àfìgbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ fi ìbọn lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 1991. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Ọkọ̀ ogun ń fi wákàtí wọ ìlú, ebi sì ń lo ọdún kó tó dé ààfin. Olórí tó bá ti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ilẹ̀ yìí ti di tiwa, ojú tí yóò tì í láti padà sẹ́yìn wúwo lójú rẹ̀ ju ebi ará ìlú lọ.

Ẹni tí kò tíì gbéra, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ kan wọlé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ní 1925, ọmọ ogun Greece wọ ilẹ̀ Bulgaria. Àjọ àwọn Orílẹ̀-èdè tó wà nígbà náà pè wọ́n, ó ní kí wọ́n jáde. Greece mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, àjọ náà lè ti ọjà mọ́ òun. Greece jáde, ó sì san owó ìtanràn £45,000 fún Bulgaria. Kò sí ìjẹníyà kankan tí wọ́n fọwọ́ sí, ìhalẹ̀ náà ló ṣe é. Irú èyí ò pọ̀ nínú ìwé ìtàn, mo sì rò pé ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé ogun tí ẹnìkan rò tí kò jà, akọ̀ròyìn kì í gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́ rí.

Àmọ́ ìhalẹ̀ nílò ẹ̀rí. Kí Russia tó wọ Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2022, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti kìlọ̀, wọ́n tún kìlọ̀. Putin, olórí Russia, gbọ́, ó sì wọlé. N kò rò pé etí rẹ̀ di. Ní 2014 ó gba Crimea lọ́wọ́ Ukraine, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì tún bá a ṣe òpó gáàsì kejì lábẹ́ òkun. Kí ló fẹ́ kó máa bẹ̀rù?

Ta ló ń fìyà jẹ ẹ́?

Ibí yìí làwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà jù. Wọ́n á ka iye orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwé, bí ẹni ń ka ìbò. Ẹ má ka iye. Ẹ wá ẹni tí oníjàgídíjàgan náà ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá òun náà wà níbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Suez. Ní 1956, Britain, Faransé àti Israel jọ gbógun ti Íjíbítì nítorí pé Nasser, ààrẹ Íjíbítì, gba ojú omi Suez di ti ìjọba. Íjíbítì ri ọkọ̀ sínú ojú omi náà, epo láti Gulf kò gba ibẹ̀ wá mọ́, owó pọ́n-ùn Britain ń já lulẹ̀. Britain sá lọ bá Amẹ́ríkà, alájọṣe rẹ̀ tímọ́tímọ́, kó bá òun sọ̀rọ̀ ní IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó. Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ ìbọn dúró. Wọ́n dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá. Ó ní ẹ tún kó àwọn ọmọ ogun yín kúrò. Kí ọdún tó parí, Britain àti Faransé ti lọ. Òfin kankan kò jáde láti fìyà jẹ Britain, wọn ò ti ẹnubodè kankan mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ kan ló di àpò rẹ̀ mú, ó tó. Bí ó bá ṣe ọ̀tá ló ṣe bẹ́ẹ̀, Britain ì bá má kà á sí.

Ti Rwanda àti Congo náà lè yé yín báyìí. Nígbà tí M23, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ kan ní Congo, gba ìlú Goma ní 2012, tí wọ́n sì ní Rwanda ló ń ti í lẹ́yìn, àwọn tó ń ṣèrànwọ́ owó fún Kigali, Britain àti Jámánì wà lára wọn, dá owó dúró. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2013, M23 ti túká. Kì í ṣe owó nìkan ló ṣe é o, ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà bá wọn jà. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, M23 tún gba Goma, ó sì gba Bukavu. Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní James Kabarebe, mínísítà kan ní Rwanda, Yúróòpù náà fìyà jẹ àwọn kan. Orúkọ ènìyàn díẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe owó tí ìjọba fi ń jẹun. M23 ò tìtorí rẹ̀ kúrò ní Goma.

Kí ni wọ́n yọ sílẹ̀?

Ìwé àṣẹ ìjẹníyà dà bí ìwé ẹrù: ojú ewé tó ń pariwo kọ́ ló ṣe pàtàkì, ìlà kékeré nísàlẹ̀ ni. Nígbà tí Mussolini, olórí Italy, kógun wọ Ethiopia ní oṣù kẹwàá 1935, Àjọ àwọn Orílẹ̀-èdè fìyà jẹ Italy nítòótọ́, ní oṣù kọkànlá. Wọn ò ta ìbọn fún un mọ́, wọn ò yá a lówó, wọn ò ra ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo àti èédú kò sí nínú ohun tí wọ́n dá dúró. Suez wà ní ṣíṣí, ọkọ̀ tó ń kó sọ́jà Italy lọ pa ará Ethiopia ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń san owó ìkọjá rẹ̀. Addis Ababa ṣubú ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 1936. Ní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n mú ìjẹníyà kúrò.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín pé kí ni ọkọ̀ ogun ń mu, kí ẹ sì wá orúkọ ohun náà nínú ìwé. Ní 2022, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ báńkì Russia kúrò nínú SWIFT, ètò tí àwọn báńkì ayé fi ń ránṣẹ́ owó sí ara wọn, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé bí bílíọ̀nù 300 dọ́là owó báńkì àgbà rẹ̀. Iye náà pọ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n Yúróòpù ń ra gáàsì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì dá báńkì tí wọ́n fi ń san owó gáàsì náà sí.

Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, iṣẹ́ wa gan-an nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra epo kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, nínú ìgò lójú pópó rí kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀.

Ìlú wa yìí ti jẹ́ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó bí baba wa. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà Ìbàdàn rán ènìyàn wá sí Àjàṣẹ́ wá ra ìbọn àti ẹ̀tù, nítorí Ẹ̀gbá kò gbà kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba ilẹ̀ wọn kọjá. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Iyọ̀ wọ́n nílé Ìbàdàn. Ṣé ogun wá dáwọ́ dúró? Ìbàdàn yí sí ọ̀nà Oǹdó, tó dé etí òkun láì kan Ẹ̀gbá. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ọ̀nà, ó di 1886 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ọ̀nà títì náà sì pọ́n àwọn tó tì í lójú: àwọn Ìjẹ̀bú tí ọjà wọn ń kú bínú sí Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ títí tó fi fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa rí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lónìí? Ẹ mú àwòrán ayé, ẹ ka àwọn tó bá orílẹ̀-èdè náà pààlà tàbí tó wà nítòsí rẹ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn tí kò fọwọ́ sí ìjẹníyà. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọjà àwọn wọ̀nyẹn. Bí ìlú kékeré kan bá ṣàdédé ń ra ẹrù ju ohun tí ẹnu rẹ̀ lè jẹ lọ, ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn 2022, ẹrù tí Yúróòpù ń tà fún Kyrgyzstan, orílẹ̀-èdè kékeré kan tí kò jìnnà sí Russia, ru sókè lójijì. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Orílẹ̀-èdè Benin tiwa ti wà lára àwọn tó ń ra ìrẹsì Thailand jù láyé rí, ẹ sì mọ ìkòkò ta ni wọ́n ń sè é nínú rẹ̀. Epo Russia náà yí sí India àti China, pẹ̀lú ẹ̀dínwó, nínú ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó. Ẹ̀dínwó yẹn ni ìyà náà gan-an. Ó ń dun Russia, kò dá a dúró.

Ẹ má fi owó pàṣípààrọ̀ ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù kẹta 2022, dọ́là kan lé ní 120 ruble, àwọn ènìyàn ní ó ti parí. Ní oṣù kẹfà ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 55, wọ́n ní ìjẹníyà ti kùnà. Báńkì àgbà wọn ló gbé èlé sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì ká àwọn tó fẹ́ kó owó jáde lọ́wọ́ kò. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó nira láti rí rà, àti iye ọdún tí owó ìpamọ́ lè gbé ogun.

Ilẹ̀kùn àbájáde

Kí ni wọ́n ní kó ṣe kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà? Bí ẹ ò bá rí i kà ní gbólóhùn kan, ẹ fura. Ní oṣù keje 1941, Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé owó Japan nítorí ogun tó ń jà ní China àti Indochina tó wọ̀, epo sì dáwọ́ dúró. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo Japan, ọwọ́ Amẹ́ríkà ló ti ń rà á. Ìjẹníyà yìí mú gan-an, kò sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọ̀gágun Japan wo epo tó kù nínú àgbá, wọ́n wo ohun tí Amẹ́ríkà ń bèèrè, wọ́n ní kàkà kí àwọn kúrò ní China, àwọn á lọ fi ipá gba epo Indonesia. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, wọ́n ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Ìjẹníyà tó le jù lè yára mú ogun wá.

Èrò tèmi ni pé ìjẹníyà lè dá ẹni tó ń ro ogun dúró, bó bá ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ tó ń bọ́ ọ wá. Ẹni tó ti wọlé, ó lè gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn lè rí i bá jà. Kó lé e jáde fúnra rẹ̀, mo ti wá a tì, àfi ti Suez.

Ìkìlọ̀ kan kù fún àwa tí a ń kó ẹrù. Nígbà tí àwọn sọ́jà gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, CEDEAO, tí Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS, ti ẹnubodè, Nàìjíríà gé iná. Tírélà tò ní Malanville, ẹnubodè wa pẹ̀lú Niger, ọkọ̀ ojú omi kékeré ń kó ẹrù kọjá lórí Odò Ọya, ẹrù Niamey yí sí Lomé, ó gba Burkina. Àwọn sọ́jà ò kúrò lórí àlééfà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2024, CEDEAO mú ìjẹníyà kúrò. Inú wa dùn níbí, Niger sì kọ̀, kò ṣí ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé ó ti tán, ẹ má tíì di ẹrù. Ẹ pe ẹnìkan ní Gaya, ní ẹ̀gbẹ́ Niger, kì í ṣe ní Kọ̀tọ́nu, kí ẹ bi í bóyá tírélà kankan ti kọjá lórí afárá lónìí.