Mọ́tò yín ń rùn bẹntiróòlù? Bẹ́ẹ ṣe máa tọpa òórùn náà débi tó ti ń jáde

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú bóòtù. Ẹni tó bá ní mọ́tò òun ń rùn epo, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé kí lẹ gbé sẹ́yìn, torí ẹ̀yin tẹ́ẹ ń ti Abẹ́òkúta lọ soko lọ́nà Alábàtà, ẹ ò kì í ṣaláì gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání fún jẹ́nẹ́ tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Kẹ́ẹ̀gì náà lè má jò rárá o, kó kàn jẹ́ pé ìdérí ẹ̀ ò le dáadáa, oòrùn á pa á, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í mí jáde, gbogbo inú mọ́tò á gba òórùn. Bí ìdajì ife bá sì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣí bóòtù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ẹ tó pe mẹkáníìkì kankan.

Tó bá ṣì ń rùn, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ẹ tó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju èyí tá à ń mí símú lọ, ó tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, kì í gòkè bí èéfín igi, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́ ló ń forí lé. Ilẹ̀ tiwa nìyí tó jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀, tí mọ́tò bá wà lókè tí màmá kan ń dín àkàrà nísàlẹ̀, iná lè bá a níbẹ̀ kó sì sá padà wá bá mọ́tò. Torí náà kò sí sìgá, kò sí àdògán nítòsí, ẹ má ṣáná sí mọ́tò kẹ́ẹ fi wò ó, tọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ẹ lò, ibi tó jìnnà díẹ̀ ni kẹ́ẹ sì ti tàn án kẹ́ẹ tó gbé e wá. Ẹ gbé yanrìn tàbí fáyà èsìtínguíṣà oníyẹ̀fun sítòsí. Omi kọ́ o, epo á léfòó lórí omi, iná á sì máa bá a lọ.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìgbà wo ló ń rùn. Mẹkáníìkì tí kò bá bi yín léèrè èyí, tó kàn ní kẹ́ẹ lọ ra pọ́ọ̀mpù tó ń fa epo wá, ẹ rọra.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo ni, tó máa ń lọ tí epo bá ti wálẹ̀ díẹ̀, òkè táǹkì ni wàhálà wà. Ẹ wo rọ́bà tó wà lára ìdérí ibi tá a ń da epo sí, ṣé ó ti gan, ṣé ó ti sán, ẹ wo hóòsì tó so ẹnu yẹn mọ́ táǹkì, irin ibẹ̀ máa ń dípẹtà. Ẹ sì jáwọ́ nínú kí ẹni tó ń ta epo máa rọ ọ́ títí dé ẹnu lẹ́yìn tí ẹnu páìpù ẹ̀rọ epo ti dákẹ́ fúnra ẹ̀. Epo máa ń fẹ̀ nínú ooru, táǹkì lítà 50 tó kún, tí ooru bá fi díígírì 10 lé sí i, epo inú ẹ̀ á fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì lítà, ibo lẹ fẹ́ kí ìyẹn gbà? Àwọn mọ́tò ìgbà yìí ní àgbá kékeré kan tí èédú wà nínú ẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ epo mì, tí epo gidi bá wọ inú ẹ̀, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ibí yìí ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Corolla mi, tí mo bá ti kún táǹkì tí mo sì ń gun òkè, òórùn á gbòde, ọjọ́ kẹta kò sí mọ́. Mẹkáníìkì kan yọ pọ́ọ̀mpù, ó fi tuntun sí i, mo sanwó, òórùn tún wá le sí i. Èmi fúnra mi ló gbé àga ẹ̀yìn sókè lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ṣí irin pẹlẹbẹ tó bo orí pọ́ọ̀mpù, ẹ̀yin náà sá mọ eruku pupa ìlú wa, ó ti bo gbogbo ibẹ̀ gbẹrẹfu, àmọ́ apá kan wà níbi etí pọ́ọ̀mpù tó dúdú, tó tutù, tó dà bí ẹrẹ̀. Rọ́bà róbótó abẹ́ ẹ̀ lọ̀gá náà dá padà síbẹ̀, ògbólógbòó, kò ra tuntun. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, èékánná wọ ibi tó ti là. Rọ́bà yẹn tí epo bá ti rin ín, ó máa ń wú, kì í jókòó dáadáa mọ́, tí wọ́n bá ti lè tú u, tuntun ni kẹ́ẹ ní kí wọ́n fi sí i.

Eruku yẹn kan náà lẹ máa lò káàkiri, ibi tó bá jò, ó máa ń dúdú tàbí kí epo ti fọ̀ ọ́ mọ́ nígbà tí àyíká ẹ̀ ṣì pupa.

Tó bá jẹ́ àárọ̀ ló ń rùn, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò lálẹ́, ẹ fi òkúta mú un. Omi ẹ́sì kì í rùn, òílì á dúró síbẹ̀ dúdú, á sì máa yọ̀, àmọ́ bẹntiróòlù máa ń gbẹ kíá, àmì fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa fi sílẹ̀, nítorí náà kẹ́ẹ tètè jí wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń páàkì nítòsí abà àgbàdo, ẹ wo hóòsì dáadáa, eku máa ń jẹ ẹ́.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nìkan, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ẹ lọ, níbi rọ́bà injẹ́tọ̀ tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnì, páìpù tó ń gbé epo wá àti ẹnu fílítà tó ń sẹ́ epo. Ẹ má fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀ o! Táyà yín, fọkanáísà ń gbé agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sí bíi 32 PSI, epo inú páìpù yẹn wà ní bíi 40 sí 60 PSI nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò oní-injẹ́tọ̀, tẹ́ẹ bá tú kílíìpù, ojú yín ló máa fọ́n sí. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn, á yọ fíúsì pọ́ọ̀mpù, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì kú fúnra ẹ̀, á yọ bátìrì kó tó tú u. Tó bá fẹ́ fi hóòsì jẹ́nẹ́ àti wáyà dè é, tàbí kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀, epo á yọ́ gọ́ọ̀mù yẹn.

Tó bá jẹ́ ẹnu sáléńsà ló ti ń rùn, tí ẹ́ńjìnì sì ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo tàbí kọ́ìlì tó ń fún un níná kan ò ṣiṣẹ́. Ẹ fa irin tí wọ́n fi ń wọn òílì yọ kẹ́ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, tí òílì náà bá ń rùn epo tó sì ga ju bẹ́ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ẹ má wà á mọ́.

Imú máa ń mọ́ra, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹ pe ẹni tó ń bọ̀ láti ìta kó bá yín gbọ́ ọ. Ẹ má kó ọmọ tàbí aláboyún sínú ẹ̀ nígbà tó ṣì ń rùn, orí fífọ́ àti òòyì ló ń fà. Ẹ má sì fẹnu fa epo látinú táǹkì, tẹ́nì kan bá gbé e mì, ẹ ò gbọdọ̀ fún un ní epo pupa, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bì í, torí ó lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ilé ìwòsàn ni kẹ́ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì sá sóòrùn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ níbi tí kò síná. Tó bá dọjọ́ kẹrin tó ṣì ń rùn, ẹ tún tẹ́ páálí.