Ẹ má fi iye wọ́lẹ́ẹ̀tì ka iye èèyàn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí wọ́n bá ń wọn iṣẹ́ DAO

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ síbì kankan pé DAO báyìí ti ṣe aráàlú lóore, ẹ wò ó dáadáa, kí lẹ kà gan-an? DAO, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àpò owó àti òfin ẹ̀ wà lórí blockchain (ìwé àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn lè yẹ̀ wò), tó jẹ́ pé token, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ náà ṣe, ni wọ́n fi ń dìbò, gbogbo owó tó bá ná lèèyàn lè rí, ibẹ̀ làṣìṣe ti ń wọlé torí nǹkan tó bá ti wà lójútáyé làwọn èèyàn máa ń kà.

Ẹ wo KlimaDAO. October 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa ra carbon credit (ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti dá tọ́ọ̀nù èéfín kan dúró) jọ rẹpẹtẹ kó lè wọ́n, káwọn iléeṣẹ́ tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ lè ronú. Wọ́n rà á lóòótọ́, ó lé ní mílíọ̀nù 17 tọ́ọ̀nù, nọ́ńbà yẹn ni gbogbo èèyàn sì ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú credit ọ̀hún ló ti dọ́jọ́ lórí àtẹ, iṣẹ́ tó bí wọn ti wáyé láti ọdún gbọọrọ, èéfín tí wọ́n ti dá dúró ní 2009, ṣé owó 2021 ló tún máa dá a dúró ni? Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn rèé: ká ní DAO yìí ò sí, kí ni ì bá yàtọ̀? Ẹ má sì jẹ́ kí owó token tàn yín, KLIMA, ìyẹn token wọn, kọjá $3,000 lóṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kó tó pé ọdún ó ti já wá sábẹ́ $10, iye èéfín tó wà lójú ọ̀run ò bá a lọ sókè sódò.

Wọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpò téèyàn ń tọ́jú token sí, ńkọ́? Ẹnì kan lè ní 50. Gitcoin, tó ń pín owó ìrànwọ́ fáwọn iṣẹ́ tó wà fún gbogbo èèyàn, mọ èyí dáadáa, torí bí wọ́n ṣe ń pín owó, iye èèyàn tó dáwó fún iṣẹ́ kan lágbára ju iye owó tí wọ́n dá lọ, làwọn kan bá ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì lóríṣiríṣi, àfìgbà tí wọ́n ṣe Passport láti mọ ẹni tó jẹ́ èèyàn gidi. Ìbò náà nìyẹn o: Chainalysis, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa blockchain, yẹ DAO ńlá 10 wò ní 2022, àwọn tí ò tó 1% nínú àwọn tó ní token ló di 90% agbára ìbò mú. Ẹ má kọ ọ́ pé “aráàlú ló pinnu.”

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kì í ka ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. ConstitutionDAO, November 2021, èèyàn tó lé ní 17,000 dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 47 dọ́là láti ra ẹ̀dà ìwé òfin Amẹ́ríkà níbi ọjà gbàǹjo Sotheby's, wọn ò rí i rà, ìgbà tí wọ́n ní káwọn èèyàn wá gba owó wọn padà, gas fee (owó tí wọ́n ń gbà kéèyàn tó lè fi owó ránṣẹ́ lórí blockchain) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó àwọn tó dá díẹ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ìròyìn, ẹ kọ ìyẹn náà sí i, kẹ́ ẹ sì wá àwọn tí wọ́n ní owó DAO dé ọ̀dọ̀ wọn lọ, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.